Táyà Méjì Tí Kò Dọ́gba

Nílé tí wọ́n ti bí mi, a kì í ra nǹkan ní ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ra bàtà fún mi, wọ́n á ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún èkejì mi, àwọ̀ kan náà, oríṣi kan náà, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni mí, ọkùnrin sì ni òun. Mo wọ ṣòkòtò péńpé ọkùnrin rí kí a lè dọ́gba. Òun náà gbé ike omi olódòdó lọ sílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sunkún. Màmá wa kò tilẹ̀ ka ẹkún yẹn sí. Wọ́n ní ìbejì ni wá, ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì, kí ọ̀kan má baà bínú padà síbi tó ti wá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ àbúrò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í yé àwọn ará àdúgbò wa ní Oregbeni, tí wọn kì í ṣe Yorùbá. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn títí ó fi sú mi: èyí tó dúró sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán àbúrò rẹ̀ ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, ìgbà tí àbúrò bá ké ni ẹ̀gbọ́n á tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Una Yoruba people sef." Èkejì mi kì í jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ń ṣàròyé nípa ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tàbí nípa ọkọ tí mo fẹ́ tí mo sì kọ̀, yóò ní, "Ṣebí ìwọ lo tọ́ ọ wò. Ìwọ lo ké sí mi pé ó dùn. Ta ni kí n wá mú?"

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́wọ́ nínú kíláàsì ló bá ṣubú, kò sì dìde mọ́. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè kọ ọ́ báyìí o. Lẹ́nu, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó kú, torí wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ra iyọ̀ ni. Màmá ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lọ́jọ́ tí àwọn àgbà ìjọ wá túfọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọn ò pariwo, wọn ò lu ara wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n kàn ní, "Ó lọ ra iyọ̀," wọ́n sì wọ yàrá lọ. A sin ín láìsí wọn níbẹ̀, torí òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo dúró níbẹ̀, tí mo ń wo ihò yẹn bíi pé àyè ẹnì kejì ṣì kù nínú rẹ̀. Ẹnìkan fà mí lọ́wọ́, a sì lọ sílé.

Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, tó ti jáde yunifásítì, tó ń gbé pẹ̀lú Màmá ní Oregbeni. Ìyá ọmọ náà ti lọ sílé ọkọ mìíràn tipẹ́. Ó tún fi alùpùpù sílẹ̀.

Máṣíìnì ni à ń pè é nílé. Èmi àti òun la jọ rà á nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àlòkù láti Jàpáànù ni, táńkì rẹ̀ pupa, iná iwájú rẹ̀ rí rìbìtì bí ojú òwìwí. Ti àwa méjèèjì ni, ṣùgbọ́n òun ló ń gùn ún, èmi ń jókòó sẹ́yìn. Láràárọ̀ a ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ikpoba, a ó kọjá lórí afárá, a ó wọ ìgboro. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, màá fi iwájú orí mi ti ẹ̀yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbá mi lójú. Mo mọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ju bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba lé àwọn ọlọ́kadà kúrò nígboro, ó ń fi ìwé rẹ̀ han gbogbo ọlọ́pàá tó bá dá a dúró, ó ń ṣàlàyé pé òun kì í gbérò. Ó ra mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ó tà á. Kò ta máṣíìnì.

Láti ọjọ́ tí èkejì mi ti ṣubú ni máṣíìnì ti dúró lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ tán nínú táyà méjèèjì, ara wọn sán bíi gìgísẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ mú, ríìmù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Bí mo bá lọ da omi nù lẹ́yìnkùlé, màá gbójú sápá kejì.

Uwasota ni èmi ń gbé. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ Màmá, nítorí ẹ̀wà ni oúnjẹ ìbejì, Màmá kò sì jẹ́ kí ó yẹ̀ láti kékeré wa títí a fi hewú. Abọ́ tánganran méjì ló wà fún un, funfun, etí wọn búlúù, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ fi jẹun. Lẹ́yìn tí èkejì mi lọ, Màmá ṣì ń bu ẹ̀wà sí méjèèjì. Wọ́n á gbé tèmi síwájú mi, wọ́n á fi ìdérí bo tirẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ ilé kejì. Ẹ̀wà náà kò ní iyọ̀ rárá. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bà wọ́n nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì ń fi agídí gbé e mì.

Nígbà tó yá ni mo rí i pé Màmá fúnra wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n á bù ú díẹ̀, wọ́n á gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ìró tó ń ká wọn lára dáadáa tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí wọ́n ń ró yí ara wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní òun kò rí àrùn kankan, kí wọ́n ṣáà jẹun ni. Bí wọn ò bá jẹun, kí a má wulẹ̀ máa gbé wọn wá bá òun mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú ọ̀rá iyọ̀ kan dání. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ láì já a.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bù díẹ̀ sí i."

"Ẹni tó lọ ra iyọ̀ kò tíì dé," ni wọ́n wí. "Bó bá dé, a ó fi sí i."

Mo wo ọmọ èkejì mi, òun wo ilẹ̀. Mo ti rò pé à ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti fi tu ara wa nínú ni. N kò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó kó máa dúró dè é. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà. Èkejì mi ti lọ, Màmá sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi, nídìí ẹ̀wà tí kò níyọ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ọmọlanke wọn kọjá. Ọmọ èkejì mi pè wọ́n wọlé láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ti máṣíìnì bọ̀ lórí ríìmù, tó ń dún gbàgà-gbàgà lórí kọnkéré, Màmá sì dúró lẹ́nu géètì, wọ́n na ọ̀pá wọn dí ọ̀nà.

"Grandma, abeg," ni ọmọ náà ń wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Every morning I open window, na that thing I dey see. I no fit again."

Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá bí mo ṣe gbọ́ ọ, kò ṣáà ní fi dá èèyàn lóhùn ni. Màmá ò fi ìyẹn ṣe.

"Kí bàbá rẹ dé, kó má bá ohun ìrìnnà rẹ̀ nílé?" Wọ́n yí sí mi. "Ìwọ, wá ẹsẹ̀ sí i. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, màá jẹun."

Mo lé àwọn onírin jáde, n kò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ lé wọn. Ọ̀rọ̀ jíjẹun yẹn ni mo gbé lé àyà. Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Èmi gbà á bí àdéhùn. Mo pe mẹ́káníìkì wá, ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì, ó ní ara rẹ̀ yá. Ó wá ku táyà.

Èkejì mi ti kọ́ mi bí a ṣe ń ka ara táyà. Olùkọ́ ìṣirò ni, bó bá rí nọ́ńbà níbikíbi, àfi kó kọ́ ẹnìkan. Ní Sátidé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà ẹ̀yìn ní òwúrọ̀, mo fi ìka nu erùpẹ̀ kúrò létí rẹ̀, mo rí i: 3.00-18. Ìyẹn ni pé ìsanra táyà náà jẹ́ íǹṣì mẹ́ta, ríìmù tó máa wọ̀ sì jẹ́ íǹṣì méjìdínlógún láti etí kan dé ìkejì. Ó máa ń sọ pé nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni kò ní àforíjì. Táyà lè sanra díẹ̀ tàbí kó pẹ́lẹ́ńgẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ríìmù bá jẹ́ méjìdínlógún, ti mẹ́tàdínlógún kò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Mo tún rántí pé ríìmù onísípóòkù bíi tiwa ń fẹ́ túùbù nínú, àti pé nọ́ńbà mẹ́rin kéékèèké kan wà lára táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, kí èèyàn má baà lọ ra rọ́bà tó ti darúgbó nínú ṣọ́ọ̀bù. Orí mi wú. Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi, mo kọrí sí Iyaro, níbi tí wọ́n ti ń ta táyà.

N kò wo táyà iwájú. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Nílé wa, bí o bá ti mọ ìwọ̀n ọ̀kan, o ti mọ ti méjèèjì.

Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti kúrò nígboro, táyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló kún ọwọ́ àwọn ará Iyaro. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní àwọn ò ta ti máṣíìnì mọ́. Ẹni tó wà ní ìkejì gbé 3.00-17 jáde, ó ní, "Madam, e go enter." Mo ní kò ní wọlé. Ó ní á wọlé. Mo ní kó gbé e wọ orí ara rẹ̀ ká jọ wò ó. Gbogbo ọlọ́jà ibẹ̀ ló jọ kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn níbì kan náà: ìdérí ìkòkò lo fẹ́ rà o, bàtà ni o, e go enter.

Ṣọ́ọ̀bù kẹta jẹ́ ti ọkùnrin sísanra kan tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà. Ó ní 3.00-18. Mo yẹ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ọdún rẹ̀ kò jìnnà. Mo fi èékánná tẹ rọ́bà náà, ó rọ̀.

"Give me two," mo ní.

"One for front, one for back?"

"I say two. The same."

Ó dá ẹnu dúró lórí ẹ̀pà. "Same same?"

"Which grammar I dey speak wey you no hear?"

Ó sọ èjìká, ó gbé méjèèjì kalẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Ta ni yóò bá obìnrin tó ń lọgun ní ṣọ́ọ̀bù ẹni jiyàn? Mo fi ọ̀kan kọ́ èjìká ọ̀tún, mo fi èkejì kọ́ ti òsì, mo rìn gba ojú pópó bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ń wò mí. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ra nǹkan méjì tí méjèèjì sì máa wúlò.

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀ àdúgbò gbé irin àti páǹpù rẹ̀ wá. Ti ẹ̀yìn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti iwájú náà gun ríìmù, a sì fọwọ́ gbá a pé ó ti bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó dá a padà sáàárín irin méjèèjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, tó sì yí i, ó ń ha mọ́dígáàdì. Ó tú u, ó tún un dì, ó yí i. Ó ṣì ń ha.

"Kí ló ń ha bẹ́ẹ̀?" Màmá béèrè láti ojú fèrèsé.

Fọkanáísà nu òógùn ojú rẹ̀. "Madam, e don enter rim, but e no gree enter body." Ó ní kí òun gé mọ́dígáàdì náà díẹ̀, tàbí kí òun yọ ọ́ dànù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní bó bá fi irin kan máṣíìnì yẹn, òun gan-an ni màá gé. Ó gbé irin rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra sún sẹ́yìn.

Ọmọ èkejì mi ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́yìn wa. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀.

"Aunty, na two back tyre you buy," ó ní. "Front no dey ever be like back. Daddy teach me. The front own slim, e get line wey go straight, because na him dey find road. The back own fat because na him carry load."

"O mọ̀, o sì ń wò mí níran?"

"You no ask me. And I no wan touch am."

Mo wo táyà iwájú àtijọ́ tí fọkanáísà ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa máṣíìnì á rí i pé kò sanra tó ti ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ ti sán débi pé nọ́ńbà rẹ̀ ti jẹ, 2 tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Gbogbo ọdún tí mo fi gun máṣíìnì yẹn, n kò wo táyà iwájú rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò, ibi tó bá darí sí là ń lọ. Mo rò pé ohun méjì tó bá ń rìn pọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba ni. Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan, mo sunkún níwájú ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí.

"Sorry, Ma," fọkanáísà ní. "Na only tyre."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, mo dìde.

A mú téèpù ìránṣọ Màmá, a wọn ríìmù iwájú: íǹṣì méjìdínlógún, bíi ti ẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n ti jọra kò ju ìyẹn lọ. A wọn àyè tó wà láàárín irin méjèèjì, a wọn abẹ́ mọ́dígáàdì, a sì wọn ara táyà àtijọ́ náà. 2.75-18 ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò sí. Fọkanáísà tún táyà tuntun náà bọ́, ó nù ún mọ́, mo gbé e padà sí Iyaro.

Ọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀pà yẹn kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀kan padà, ó wá gbé èyí tí wọ́n kọ 80/90-18 sí lára fún mi. Nọ́ńbà ìgbàlódé ni: èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìsanra rẹ̀ ní mìlímítà, èyí àárín ń sọ bí ó ṣe ga tó sí ìsanra náà. Ó ní òun ni wọ́n fi ń rọ́pò 2.75 báyìí, e go enter. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò lè tún jẹ́ kí Màmá gbọ́ ohun tó ń ha. Mo dúró gbọnin lórí 2.75. Ó lọ bá aládùúgbò rẹ̀, ó mú un dé. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ ló wà lára rẹ̀ bí ọmọ náà ṣe wí, ọfà kékeré kan sì wà létí rẹ̀ tó ń fi ibi tó máa yí sí hàn.

"Only one?" ó bi mí.

Mo ti dàgbà tó báyìí, n kò tíì ra ẹyọ ohun kan rí kí ọkàn mi má ka èkejì mọ́ ọn. Bí mo bá ra gààrí sílé mi, màá ra sílé tirẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ pàápàá, mo ṣì ń ra ọṣẹ méjì, mo ṣì ń ra síńgílẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀, wọ́n wà nínú àpótí mi ní Uwasota bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo kàn mi orí fún un. Ó wò mí, ó wá fi ìwé ìròyìn we táyà náà fún mi, ohun tí kò ṣe nígbà àkọ́kọ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà, mo gbé ẹyọ táyà náà lé itan. Nígbà tí a dé orí afárá Ikpoba, mo sọ ọ́ lẹ́nu, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí awakọ̀ má baà gbọ́. Mo ní, "Èkejì mi kú." Mo tún un sọ. Ó dùn mí débi pé mo di táyà yẹn mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò ha. Fọkanáísà yí i, ó ń yí lọ láìdún, ó sì fi ìka rẹ̀ kọjá lábẹ́ mọ́dígáàdì láti fi hàn mí. Ọmọ náà ló gun orí rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kò tún sọ pé òun ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó tẹ kíkì, ó kọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó húkọ́. Nígbà tó tún tẹ̀ ẹ́, ó gbà. Ohùn yẹn ni, kò yí padà, èyí tí à ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀ òkè tí Màmá á fi ní kí a lọ ṣí géètì.

Màmá jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wo nǹkan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa táyà ẹ̀yìn, wọ́n fi ọwọ́ tọ ara máṣíìnì lọ síwájú, wọ́n fọwọ́ pa ti iwájú náà. Wọ́n tún padà sí ti ẹ̀yìn.

"Wọn ò dọ́gba," ni wọ́n wí.

"Wọn ò dọ́gba, Màmá."

"Ṣé ibi tó o ti rà á ni wọ́n ti ṣì í fún ẹ?"

"Rárá, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ló ti wà látilẹ̀. Wọn ò dọ́gba rí."

"Ó sì ń rìn?"

"Ó ń rìn, Màmá."

Wọ́n fi ọwọ́ sórí táyà iwájú fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà dẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ariwo lè rọlẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí gbogbo nǹkan yín dọ́gba," Màmá wí. "Mo rò pé bí mo bá ṣe é dáadáa, ẹ ó jọ pẹ́ ni."

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ṣe é dáadáa. Wọ́n ti yí padà kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Ẹ gùn ún lọ," ni wọ́n wí, wọ́n ń lọ sínú ilé. "Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń lọ àti bó ṣe ń bọ̀."

Mo gun ẹ̀yìn, ibi tí mo mọ̀. A sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, a dé etí afárá, a yí padà. Ọmọ náà ń wà á jẹ́jẹ́ bí bàbá rẹ̀, ó ń yà fún kòtò kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò. Ti bàbá rẹ̀ ni, ibi tí irun ti pín sí méjì yẹn. Mo fi iwájú orí mi ti ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì bi mí pé kí ló dé.

Nígbà tí a wọlé, Màmá ti wà nídìí tábìlì. Abọ́ tánganran kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, níwájú àga mi. Èkejì ti wà lórí pẹpẹ, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀rá iyọ̀ tí mo rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti já ẹnu rẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá bu ẹ̀wà nínú àwo tiwọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì, wọ́n tún bù. Omijé ń ṣàn lójú wọn, wọn ò nù ún, wọ́n ṣáà ń jẹ.

"Wá jókòó," ni wọ́n wí. "Tọ́ ọ wò."

Mo jókòó, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé ó dùn.